Òsì Kọ́kọ́, Ọ̀tún Tẹ̀lé E, Òkè Kẹ́yìn: Ọ̀rọ̀ Dọ́káàsì sí Sámúẹ́lì Àbúrò Rẹ̀, Awakọ̀ Katakata

Ó dìgbà tí ilẹ̀ bá da òkú padà, Sámúẹ́lì ọmọ ìyá mi. Ikú ṣe ohun tí kò yẹ. Ó fo ẹ̀gbọ́n, ó mú àbúrò. Ọ̀já tí mo fi pọ̀n ọ́ ṣì wà nínú àpótí mi títí di òní, ìwọ sì ti wà nínú pósí. Bí ó bá jẹ́ pé létòlétò ni wọ́n ń ṣe é, ìwọ ni ìbá máa kọ ìwé yìí nípa tèmi, o kò sì ní kọ ju ìlà mẹ́ta lọ, nítorí o kì í ní sùúrù.

Olùṣọ́-àgùntàn wa ní kí n kọ ọ̀rọ̀ dídùn tí yóò tu àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ nínú. Ó ní kí n sọ pé o jẹ́ ọkọ rere, bàbá rere àti ọmọ ìjọ tòótọ́. Mo ti sọ ọ́ báyìí. Ìyókù tí mo fẹ́ sọ kò dùn, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e fún atẹ̀wé ní Kàbà fúnra mi láìmú un kọjá lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́. Kí atẹ̀wé má bínú sí bí lẹ́tà mi ti rí.

Ohun tó mú mi kọ ọ́ rèé. Bàbá Ẹlíjà, àbúrò bàbá wa, tó jẹ́ olórí ẹbí wa báyìí, ti pàṣẹ pé lẹ́yìn ìsìn òní, kí a tó gbé ọ kúrò ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Rúùtù aya rẹ yóò gbé ọwọ́ lé pósí rẹ, yóò sì búra lójú gbogbo ènìyàn pé òun kọ́ ni òun pa ọ́. Bí ó bá kọ̀, kí ó padà sí Makutu níbi tí wọ́n ti bí i, kí ó sì fi àwọn ọmọ méjèèjì sílẹ̀ fún ẹbí. Bí ó bá búra ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ bí ìyẹn ti ń rí. Bí ó bá wúkọ́ kí ọdún tó yípo, wọ́n á ní òkú ti ń fà á. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bá ṣàìsàn, òun náà ni. Ọ̀nà méjèèjì ni wọ́n gbẹ́ kòtò sí fún un. Mo bá wọn jókòó níbi tí wọ́n ti pinnu rẹ̀, mo sì dákẹ́. Ọjọ́ mélòó kan rèé tí mo ti gbé ìdákẹ́ náà mì, kò tíì dà nínú mi.

Bí mo bá dìde sọ ọ̀rọ̀ mi lẹ́nu, wọ́n á ní ìbànújẹ́ ló ń dà mí lórí rú, wọ́n á ní kí àwọn obìnrin mú mi jáde lọ fún mi lómi. Ṣùgbọ́n ìwé yìí ti wà lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ máa kà á lọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ọ́, Sámúẹ́lì, nítorí ìyìn tọ́ sí ọ. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn, a-wọ-oko-kí-igbó-ó-gbọ̀n, ọmọ àgbẹ̀ tó gun irin gberegede ju ẹni tó gun ẹṣin lọ. Ìwọ tí o lè fi etí nìkan mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Ìwọ tí kì í jẹ gbèsè ìkíni lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ó ti wù kí ojú ọ̀nà jìn tó, ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè láti orí ìjókòó rẹ tí o ń ké pé, "Okun o, okun iṣẹ́ o," kí àgbẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ tó nàró tán. O lẹ́wà lórí katakata yẹn. Ọ̀tá rẹ pàápàá gbà bẹ́ẹ̀.

Ọdún tí Ọbabìnrin wá kí wa ní Kàdúná ni ìwọ náà ti ilẹ̀ Haúsá dé, níbi tí Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ àdúgbò wa rán ọ lọ kí o lọ kọ́ bí a ti ń wa katakata. Ọ̀sẹ̀ kejì ni lọ́rì gbé katakata náà dé. Gbogbo ilé ló dà síta. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni irú èyí tí àwọn alágbàṣe fi ń la ọ̀nà mọ́tò, tó tóbi bí ilé. Èyí tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ fún wa kéré, àwọ̀ eérú, kò ga ju èjìká ọkùnrin lọ. Bàbá Ẹlíjà rìn yí i ká, ó sì béèrè bóyá ọmọ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, tí ìyá ń bọ̀ lẹ́yìn. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìwọ nìkan ni o kò rẹ́rìn-ín. Láti kékeré ni o kò ti mọ bí a ti ń gba ẹ̀rín. Bí àwọn ọmọdé bá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, o lè dúró sínú oòrùn títí di ìrọ̀lẹ́ kí o tó bá wọn sọ̀rọ̀. Ohun tó pa ọ́ gan-an nìyẹn, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó jókòó síbí mọ̀ ọ́n.

Kékeré katakata náà kò burú, nítorí ẹ̀yìn ni agbára rẹ̀ wà. Òun alára kò lè ṣe ju kí ó máa rìn kiri; ohun tí a bá so mọ́ ọn nídìí ni iṣẹ́ tó máa ṣe. Wọ́n kó abẹ ìtúlẹ̀ bá a wá, tí ìwọ ń pè ní gáámà bí àwọn Haúsá ti ń pè é, èyí tó ń ya ilẹ̀ nígbà òjò àkọ́rọ̀. Wọ́n kó èyí tó ní àwo róbótó bá a wá, tó ń fọ́ ògúlùtu sí wẹ́wẹ́. Kẹ̀kẹ́ ẹrù onítáyà méjì wà, tí a fi ń kó iṣu wálé. Èyí tó dá ìjà sílẹ̀ ni èyí tó ń kọ poro. Àwọn àgbà ní láti ayébáyé ebè ni iṣu ń sùn sí nílẹ̀ Ọ̀wé, pé iṣu tí a bá gbìn sórí poro kò ní mọ ibi tí ìdí rẹ̀ wà. Nígbà tí a wú ti ọdún àkọ́kọ́, tí ó gùn tí ó sì tín-ín-rín, wọ́n ní ẹ wá wo iṣu Sámúẹ́lì, iṣu tó ń sáré. O mọ àwọn mẹ́ta tó sọ ọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, o kò tú ilẹ̀ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní ibà lára, ó ń fi ọkọ́ kọ ebè, o wa katakata kọjá létí oko rẹ̀, o sì kí i.

Lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí, irin gbọọrọ kan wà, tó gùn tó apá ènìyàn, tí wọ́n lu ihò sí lára láti ìkángun kan dé èkejì. Ẹni tí kò mọ̀ lè fi ṣe igi àtìlẹ̀kùn. Iṣẹ́ rẹ̀ rèé: apá mẹ́ta ni katakata ní lẹ́yìn, méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè láàárín. Bí a bá fẹ́ fa ohun kan, irin yìí ni a máa ń fi dábùú apá ìsàlẹ̀ méjèèjì, a ó wá so ohun náà mọ́ ọn nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Torí irin yìí ni wọ́n fi fẹ́ lé Rúùtù lọ.

Bí a bá sì fẹ́ pààrọ̀ abẹ kan sí òmíràn, iṣẹ́ ẹni méjì ni. Awakọ̀ á fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí apá yóò fi kan ojú ihò, ẹni tó wà nílẹ̀ á wá ki píìnì, irin kékeré tó ń dì í mú, bọ̀ ọ́. Òsì kọ́kọ́, ọ̀tún tẹ̀lé e, òkè kẹ́yìn. Ọ̀tún ló ní ọwọ́ tí a fi ń yí i sókè sódò, ìdí nìyẹn tí òsì fi ń ṣíwájú. Bí a bá ń tú u, òkè ni a kọ́kọ́ ń yọ. O sọ ọ́ fún mi títí ó fi di pé mo ń sọ ọ́ bí mo bá ń gúnyán.

Ta ni yóò wà nílẹ̀? Gbogbo ọkùnrin Ẹgbẹ́ ló fẹ́ jókòó lórí katakata. Kò sí ọ̀kan tó gbà láti lóṣòó sí ìdí ohun tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gùn. Wọ́n ní ẹrú ló ń dúró sí ìdí ẹṣin. Ni o bá wá bá mi níbi tí mo ti ń hun aṣọ. O dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ tó ń wá oúnjẹ, o ní, "Yèyé mi, ọwọ́ yín ti mọ ihò tó kéré ju èyí lọ. Ẹ wá bá mi dì í mú." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Mo dìde. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ọgbọ́n mú mi lẹ́rú rí, ìwọ ni.

Ọdún kejì ni. Òjò ti ṣú, a ń yọ gáámà kí a lè fi èyí tó ń kọ poro sí i. Mo ti ki òsì, mo ti ki ọ̀tún, ó ku òkè. Ìka mi wà nínú ihò, mò ń wá ojú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ wà lórí irin tó ń gbé apá sókè. O kò béèrè bóyá mo ti ṣe tán. O gbé e. Ìka méjì ni mo fi sílẹ̀ níbẹ̀, ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín, lọ́wọ́ ọ̀tún tí mo fi ń hun aṣọ. Mo kígbe, o bojú wẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ ni pé, "Ẹ ò sì yára."

Òótọ́ ni pé lẹ́yìn náà o fò sílẹ̀, o sunkún bí ọmọ ọwọ́, o fi ẹ̀wù rẹ dì mí lọ́wọ́. Òótọ́ ni pé o bá mi wọ lọ́rì lọ sí ilé ìwòsàn ní Ẹ̀gbẹ̀, tí o sì sùn sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi títí wọ́n fi ní kí n máa lọ ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣáájú omijé. N kò hun aṣọ mọ́ láti ọjọ́ náà. Èyí tó wà lórí igi nígbà náà ṣì wà níbẹ̀ ní ààbọ̀, adìyẹ ń sùn sábẹ́ rẹ̀. O bẹ̀ mí lójú ẹbí, mo ní mo ti dárí jì ọ́, Olùṣọ́-àgùntàn sì gbàdúrà lé wa lórí. Irọ́ ni mo pa. Mo padà sídìí katakata rẹ nítorí kò sí ohun mìíràn tí ọwọ́ yẹn tún lè ṣe, mo sì ń fi ìka mẹ́ta ki píìnì fún ọ, mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ.

Kí n má fi gbogbo ẹ̀ ṣe èébú. Ìwọ kan náà lo yọ abẹ kúrò láàárín oko olóko nígbà tí wọ́n ké pé ọmọ kò bọ́ lára aya ìmàle ará Ìyàrá kan tó wà lábúlé wa. O fi kẹ̀kẹ́ ẹrù sí i, o tẹ́ koríko sínú rẹ̀, o wa obìnrin náà la inú òjò kọjá lọ sí ilé ìgbẹ̀bí, jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin. Ọmọ náà ń rìn báyìí. Ìyá rẹ̀ wà nínú ìjọ lónìí, lẹ́yìn pátápátá, ó ń sunkún ju ẹlòmíràn lọ. O mọ jẹ́jẹ́ ṣe, Sámúẹ́lì. Ẹni tí kò bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín nìkan lo ń ṣe é fún.

Ó wá ku ọjọ́ tí a wà lórí rẹ̀ yìí.

Bàbá Ẹlíjà ló bẹ ọ̀wẹ̀ sí oko rẹ̀ tuntun. Àwọn géńdé mú ọkọ́ wọn wá, ìwọ mú katakata. Wọ́n fi kùkùté igi irú kan tó wà láàárín oko ṣe ààlà: àwọn ní ọ̀tún, ìwọ ní òsì. O parí tìrẹ kí oòrùn tó dé àtàrí, àwọn kò tíì dé ìdajì. Ó yẹ kí o sọ̀ kalẹ̀ mu omi. Ṣùgbọ́n Bàbá Ẹlíjà tọ́ka sí kùkùté náà, ó ní, "Ìyẹn ńkọ́? Àbí ọmọ ẹ̀rọ kò lè fa àgbà igi?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọlọ́wẹ̀ lásán ni, irú èyí tí a fi ń gbàgbé ẹ̀yìn ríro. Mo rí i bí etí rẹ ti yí padà.

O ní kí n tú gáámà kúrò. Mo yọ òkè, mo yọ ọ̀tún, mo yọ òsì. O sáré lọ sílé lọ mú irin gbọọrọ, nítorí ilé kò jìnnà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí irin náà wà, kí ẹni tó ń pariwo lè gbọ́. Ó wà lórí ààrò Rúùtù. Ìwọ Sámúẹ́lì fúnra rẹ lo gbé e fún un láti ọdún tó kọjá, o ní a kì í fi í fa nǹkan níbí, kí ó fi dábùú ààrò kí ìkòkò ńlá má bàa yẹ̀. Ìkòkò ńlá ló sì wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Iṣu àwọn ọlọ́wẹ̀ ló wà nínú ìkòkò. Bàbá Ẹlíjà fúnra rẹ̀ ló rù ú wá fún un ní òwúrọ̀ pé kí ó sè é. Irin ti pọ́n nínú iná. Rúùtù ní, "Ẹ jẹ́ kó jinná ná, kí n sọ ìkòkò kalẹ̀, kí n bu omi sí irin náà." Bí ó ti sọ fún mi nìyẹn, ọmọ rẹ àgbà sì gbọ́ ọ pẹ̀lú. O padà lọ́wọ́ òfo. Ohun tó kù láàárín ìwọ àti ẹ̀mí rẹ kò ju kí iṣu jinná lọ.

Ẹ̀yin ẹbí wa ní obìnrin náà mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ ní ará Makutu ni, pé kò kí yín tó nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Oúnjẹ yín ló ń sè.

O yí ṣéènì mọ́ kùkùté, o fa ìkángun kejì wá sẹ́yìn katakata, o dúró. Apá ìsàlẹ̀ méjèèjì rọ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀. O wo ìsàlẹ̀, o wo òkè. O mọ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ ní ilẹ̀ Haúsá, ìwọ náà sì ti kọ́ mi, pé ohun tí a bá fẹ́ fà, ìsàlẹ̀ ni a ń so ó mọ́, pé bí a bá so ó mọ́ apá òkè, ohun tí a ń fà yóò dúró, katakata ni yóò fẹ̀yìn lélẹ̀. Nínú gbogbo ènìyàn tó wà lóko, àwa méjì nìkan ló mọ èyí.

Bàbá Ẹlíjà ní òkè ni kí o so ó mọ́, ṣé o kò rí i rí bí a ti ń fa igi ni? Nílẹ̀ wa, bí a bá fẹ́ kí igi ṣubú síbi tó wù wá, ẹnìkan á gùn ún lọ sókè lọ so okùn, nítorí okùn òkè ló ń borí igi. Ọmọdé mọ̀ ọ́n. Gbogbo àwọn géńdé gbà á lẹ́nu rẹ̀: òkè, òkè. Kò sí ẹni tó rò ó pé igi tí wọ́n ń fà ni wọ́n ń so okùn mọ́ lókè, kì í ṣe ẹni tó ń fà á. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ohun tí bàbá wọn fi hàn wọ́n ni wọ́n sọ.

Nígbà náà ni o yíjú sí mi. O kàn wò mí, bí o ti máa ń wò mí láti kékeré bí o bá fẹ́ kí n sọ pé ó tó, kí ó má bàa jẹ́ ẹnu tìrẹ ni ó ti jáde. Gbólóhùn kan ni ìbá jẹ́: ẹ jẹ́ ká dúró de irin. Wọn ìbá bú mi pé obìnrin lẹ́rù ń bà, èmi ni wọn ìbá fi rẹ́rìn-ín, ìwọ ìbá sì rí ẹni dì í lé lórí. Bàbá Ẹlíjà kò pa ọ́, Rúùtù kò pa ọ́. Mo ní, "Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?"

Lẹ́yìn náà mo gba ṣéènì lọ́wọ́ rẹ, mo so ó mọ́ apá òkè, mo sì ki píìnì bọ̀ ọ́. Ìka mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ó wọlé ní ẹ̀ẹ̀kan.

Kí ni mo fẹ́? Mo ti bi ara mi léèrè títí ẹnu mi fi gbẹ. N kò fẹ́ kí o kú. Mo rò pé ṣéènì yóò já, tàbí kí ẹ́ńjìnnì kú, kí wọ́n wá fi ọ́ rẹ́rìn-ín títí wọn yóò fi jẹun tán. Mo fẹ́ kí ojú tì ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójú gbogbo ènìyàn, kí n sì wà níbẹ̀. Ìkà ni. Mo pè é ní orúkọ rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó pè é. Ìwọ náà kì í ṣe ọmọ jòjòló. O mọ̀, o sì gùn ún nítorí o kò lè fara da ẹ̀rín. Àwa méjì la jọ ṣe é, bí a ti jọ ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ìdí katakata yẹn, ìwọ lókè, èmi nílẹ̀.

O gbéra. Ṣéènì le. Iwájú katakata kúrò nílẹ̀ bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá fẹ́ já ewé lórí ẹ̀ka, ó sì ń lọ sókè, kò dúró. Kò tó àsìkò tí ènìyàn fi lè pe Jésù. O kò bẹ́, o kò kígbe. Nígbà tí a fi rí igi wá, tí a fi jọ gbé e kúrò lórí rẹ, o ti lọ. Kùkùté náà kò mì.

A kò tíì nu ojú rẹ tán tí Bàbá Ẹlíjà fi béèrè pé, "Irin yẹn dà? Ta ló fi í pamọ́?" Ẹnìkan dárúkọ Rúùtù. Ẹ kà á bí mo ti kọ ọ́: inú mi dùn. Orí mi ló wà nílẹ̀ fún ìbọn, wọ́n yí ẹnu ìbọn sí ibòmíràn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo bá wọn sunkún, mo bá wọn wo obìnrin náà láwòmọ́jú. Mo gbọ́ nígbà tí ó ń bẹ̀ pé ìkòkò ló wà lórí iná. Mo sì mọ̀.

Rúùtù, n kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ nínú ìwé, nítorí ìwé kì í kúnlẹ̀. Má gbé ọwọ́ lé pósí. Má búra fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ rẹ ni àwọn ọmọ rẹ, ilé ọkọ rẹ ni ilé rẹ. Bí wọ́n bá sọ ọ̀rọ̀ Makutu sí ọ, fi ojú ìwé yìí hàn wọ́n.

Bàbá Ẹlíjà, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ ti gbé ìbúra kalẹ̀, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ gbé e padà lófo. Àgbà kì í pàṣẹ kó gbé e mì. Nígbà tí ẹ bá jáde, ẹ ó bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Èmi ni yóò gbé ọwọ́ lé e, ọwọ́ ọ̀tún yìí bí ó ti rí, ẹ ó sì gbọ́ ohun tí n kò ní lè búra sí. Ohun tí ẹ bá sì fẹ́ fi ṣe obìnrin tó pa ọmọ yín, ẹ fi ṣe mí, kí a lè sin òkú yìí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Sámúẹ́lì, ọmọ tí mo pọ̀n, ọ̀gá mi, ìyà mi. Orin tí wọn yóò kọ kẹ́yìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn. Aya rẹ yóò mú àwọn ọmọ rẹ lọ́wọ́, wọn yóò sì bá ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde lọ sílé láìdúró. Má wo ẹ̀yìn dè mí. Sùn re o. Èmi ni wọ́n ń bọ̀ wá bá.